Àwọn Gillow ti Lancaster: Ìdílé, Igi àti Ìwé Ìṣirò

Ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́bàá odò Lune, ni ìlú Lancaster wà. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, ìlú èbúté ni. Bí a bá yọ Liverpool, London àti Bristol kúrò, kò sí èbúté mìíràn ní ilẹ̀ náà tí ó ṣòwò ẹrú tó o láàárín nǹkan bí ọdún 1736 sí ọdún 1807. Ní ìlú yìí ni ìdílé kan tí ń jẹ́ Gillow ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ káfíńtà, tí iṣẹ́ náà fi tàn kálẹ̀ dé ìwọ̀n pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọlọ́lá tí ó bá fẹ́ kí àlejò bọ̀wọ̀ fún ilé òun kò ṣàì ní tábìlì tàbí àga tí orúkọ wọn wà lára rẹ̀. Wọ́n ń kan tábìlì, wọ́n ń kan àpótí onídúrọ́ọ̀, wọ́n ń ṣe ibùsùn, wọ́n sì ń di tìmùtìmù sórí àga. Ẹwà iṣẹ́ wọn kò ní iyàn nínú. Ohun tí ó yẹ kí a wádìí ni irú ìdílé tí ó ni iṣẹ́ náà, ibi tí igi rẹ̀ ti wá, àti ẹni tí ó ni orúkọ ìdílé nígbà tí ìdílé fúnra rẹ̀ bá ti jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Robert Gillow, tí a bí ní ọdún 1704, ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọmọ ìgbèríko ni. Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà ní Lancaster, ó sì bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù Wẹ́sít Íńdíìsì gẹ́gẹ́ bí káfíńtà inú ọkọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1730 ó ti dá dúró. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé nígbà tí ó ń bọ̀ láti ìrìn àjò náà ni ó gbé ìtì igi mahogany bíi mélòó kan dání. Bóyá bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí, bóyá wọ́n sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, àkókò tí ó bọ́ sí ṣe rẹ́gí. Ní ọdún 1721, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti mú owó oníbodè kúrò lórí igi tí ó bá ti àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà wá. Kí òfin yìí tó dé, igi oak àti walnut ni àwọn káfíńtà ibẹ̀ ń lò jù. Lẹ́yìn òfin náà, mahogany di ọba igi. Ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí pátákó kan ṣoṣo lè di ojú tábìlì, kòkòrò kì í sáré jẹ ẹ́, kì í ká, àwọ̀ rẹ̀ sì ń dán bí epo bí wọ́n bá ti nù ún dáadáa.

Igi náà kì í ṣe àjèjì pátápátá sí wa. Ẹbí kan náà ni òun àti ọ̀gànwó tí ó kún inú igbó ilẹ̀ Yorùbá, àwọn onímọ̀ nípa igi sì máa ń kà wọ́n pọ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, ọ̀mọ̀wé igbó kan, ará Amẹ́ríkà, tí ń jẹ́ Bruce Lamb, tilẹ̀ jà á níyàn pé láti inú ọ̀rọ̀ ‘ọ̀gànwó’ gan-an ni orúkọ mahogany ti wá: pé àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Jàmáíkà rí igi tí ó jọ ti ilé wọn, wọ́n sì pè é ní orúkọ tí wọ́n mọ̀. Ó dùn mọ́ ni létí. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ èdè kan kò gbà, ó sì ṣòro láti sọ pé wọ́n jẹ̀bi. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1671, ọdún 16 péré lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Jàmáíkà lọ́wọ́ àwọn Sípéènì, nígbà tí kíkó àwọn Yorùbá lọ sókè òkun kò tíì gbilẹ̀ bí ó ti wá gbilẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀rí tí ó dùn kì í fi bẹ́ẹ̀ di ẹ̀rí tí ó dájú, ó sì yẹ kí olùkọ́ tí yóò sọ ọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ sọ ìhà méjèèjì.

Èyí tí kò ní iyàn ni ọwọ́ tí ó gé igi náà. Nígbà tí ti Jàmáíkà bẹ̀rẹ̀ sí tán létí òkun, àwọn oníṣòwò yíjú sí Kúbà, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá di Lùkùmí sí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti sí Honduras ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń pè ní Belize lónìí. Ní Honduras yìí, àwọn ẹrú ni wọ́n ń ṣe gbogbo iṣẹ́ igbó. Igi mahogany kì í hù pọ̀ lójú kan. Ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún ni. Nítorí náà, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ ọdún, ọdẹ igi, tí òun náà jẹ́ ẹrú, yóò wọ inú igbó, yóò gun igi tí ó ga jù, yóò máa wo orí igbó kiri títí yóò fi rí ibi tí ewé ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ewé mahogany ń rí ní àkókò náà. Ojú rẹ̀ ni gbogbo òwò náà dúró lé. Bí ó bá ti rí i, àwọn alákèé yóò wá, wọn yóò fi igi ṣe àkàbà sí i lára ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 12 sókè ilẹ̀, wọn yóò dúró lórí rẹ̀ gé e. Wọn yóò lànà nínú igbó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òru ni wọ́n ń fi màlúù wọ́ ìtì náà, pẹ̀lú iná ètùfù lọ́wọ́, nítorí ẹranko kò lè fara da oòrùn ọ̀sán. Nígbà tí òjò bá dé tí odò sì kún, wọn yóò ti ìtì sínú omi, omi yóò sì gbé e lọ sí ẹnu òkun, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀wọ̀n dènà dè é.

Láti ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń gbé e wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gillow kì í sì í ṣe ẹni tí ń dúró dè é ní etí òkun lásán. Oníṣòwò ni wọ́n pẹ̀lú. Wọ́n ń kó tábìlì àti àga ránṣẹ́ sí àwọn olóko ìrèké ní Wẹ́sít Íńdíìsì, wọ́n sì ń gba ṣúgà àti ọtí rọ́ọ̀mù bọ̀. Igi tí ẹrú gé ní erékùṣù yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Lancaster, yóò di tábìlì ìjẹun, yóò sì tún wọ ọkọ̀ padà láti lọ dúró nínú ilé ẹni tí ó ni ẹrú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá yin iṣẹ́ náà láìrántí yíyí tí igi ń yí yìí ti fi ojú kan wò ó.

Richard, ọmọ Robert, ni ó sọ ṣọ́ọ̀bù di ilé-iṣẹ́. Ó mọ àwòrán ilé yà. Òun ni ó ya ilé oníbodè tí wọ́n kọ́ sí etí odò Lancaster ní ọdún 1764, ilé tí wọ́n sọ di ibi ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní ọdún 1985. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun kan níhìn-ín. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni àwọn Gillow, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì gbà fún ọmọ Ìjọ Àgùdà láti di ipò ìjọba mú títí di ọdún 1829. Ẹni tí kò lè jókòó nínú ilé oníbodè gẹ́gẹ́ bí ìjòyè ọba ni ó yàwòrán rẹ̀. Ẹni tí a bá dí ọ̀nà oyè mọ́ a máa fi gbogbo agbára rẹ̀ dojú kọ òwò, àwọn ìdílé ọlọ́lá tí wọ́n jọ wà nínú ìjọ náà ní Lancashire sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ra ọjà wọn.

Ní ọdún 1769 wọ́n ṣí ilé ìtajà sí London, ní òpópó tí a mọ̀ sí Oxford Street. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ ni pé Lancaster ni wọ́n ṣì ń kan ọ̀pọ̀ ọjà náà sí, níbi tí owó iṣẹ́ kò ti wọ́n tó ti London, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ sí ibi tí olówó pọ̀ sí. Ní ọdún 1800, Richard gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí tábìlì kan tí ó ṣe, tí kò sẹ́ni tí ó gbọdọ̀ ṣe irú rẹ̀ láìgbàṣẹ. Tábìlì náà ń gùn, ó sì ń kúrú: igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń yọ jáde nínú ara wọn, wọn yóò sì to pátákó lé e lórí ní ìwọ̀n iye àlejò. Bí àlejò bá lọ, tábìlì yóò padà sí bí ó ti wà. Irú rẹ̀ ti kún ayé báyìí tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ó ti ṣẹ̀. Bákan náà ni tábìlì ìkọ̀wé kékeré kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní davenport: nínú ìwé ìṣirò àwọn Gillow ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún ni a ti rí i pé ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Davenport ni wọ́n ṣe é fún.

Ìwé ìṣirò yìí ni ó mú kí ìtàn àwọn Gillow yàtọ̀ sí ti àwọn káfíńtà mìíràn. Ọ̀pọ̀ káfíńtà tí ó mọṣẹ́ jù wọ́n lọ ni ó kú tí iṣẹ́ rẹ̀ sì di aláìlórúkọ. Àwọn Gillow ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ìwé àwòrán àti ìdíyelé wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1784, ó sì ń bá a lọ títí di ọdún 1905. Ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, wọn yóò ya àwòrán ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Wọn yóò kọ iye igi tí yóò gbà, iye àtè, ìṣó, kọ́kọ́rọ́ àti idẹ, iye owó fún ẹni tí ó gbẹ́ ọ̀nà sí i lára, iye fún ẹni tí ó fi pọ́líìṣì kùn ún. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn yóò kọ orúkọ káfíńtà tí ó kàn án. Nípa bẹ́ẹ̀, tábìlì kan lè wà nínú ilé kan lónìí, kí a ṣí ìwé, kí a sì mọ ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Láti òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, wọ́n tún ń tẹ orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ti ìlú Lancaster mọ́ igi, nígbà púpọ̀ ní ètè dúrọ́ọ̀, níbi tí ẹni tí ó bá fà á ti lè rí i.

Ìwé tí ó ṣe báyìí fẹ̀sọ̀ kọ iye ìṣó kò kọ orúkọ ọdẹ igi ní Honduras. Kò lè kọ ọ́, nítorí ìtì igi ni ó dé ọ̀dọ̀ wọn, kì í ṣe ènìyàn. Ṣùgbọ́n òpìtàn tí ó bá ń ka ìwé náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó dákẹ́ sí. Kí igi tó di iye owó lójú ewé, ẹnìkan ti gun orí igi kan lọ wò ó.

Robert Gillow kú ní ọdún 1772, Richard sì kú ní ọdún 1811. Ní nǹkan bí ọdún 1814, ìdílé náà yọwọ́ kúrò nínú iṣẹ́. Àwọn mẹ́ta kan, Redmayne, Whiteside àti Ferguson, ni ó gbà á, wọ́n sì ń bá a lọ ní orúkọ Gillow. Ní ọdún 1822, Richard mìíràn, ọmọ-ọmọ káfíńtà inú ọkọ̀, ra ilé ńlá Leighton Hall, kò jìnnà sí Lancaster, ó sì di onílẹ̀. Ìran mẹ́ta ni ó gbà wọ́n láti orí ayùn dé orí ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti ilẹ̀ Yorùbá. Nínú agbo ilé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, bí irú àwọn tí ó wà ní Ìtòkò ní Abẹ́òkúta, ẹ̀jẹ̀ àti iṣẹ́ kì í ya ara wọn. Ọmọ ń gba ọ̀nà lọ́wọ́ baba, oríkì ń tẹ̀ lé e, bí àlejò bá sì kọ́ iṣẹ́ náà, kò lè ra oríkì. Ní Lancaster, orúkọ di ohun tí a lè díye lé bí igi àti àtè. Kò tọ́ láti sọ kíá pé ọ̀nà kan dára ju èkejì. Iṣẹ́ àwọn Gillow ì bá ti parí ní ọdún 1814 bí kò bá ṣe pé wọ́n lè tà á. Àwọn káfíńtà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ ì bá ti tú ká. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, fún nǹkan bí 90 ọdún tí ó kù nínú ìtàn ilé-iṣẹ́ náà kí ó tó bọ́ sábẹ́ orúkọ mìíràn, àwọn tí ń ra ‘Gillow’ kò ra ohunkóhun lọ́wọ́ Gillow kankan.

Ní àkókò àwọn onílé tuntun yìí ni apá tìmùtìmù gbòòrò sí i. Ẹni tí ń di tìmùtìmù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà kì í ṣe aláránṣọ lásán. Òun ni ó ń ta aṣọ fèrèsé, aṣọ ibùsùn àti kápẹ́ẹ̀tì. Òun ni ó ń sọ fún olówó àwọ̀ tí ó bá ògiri mu. Bí olówó náà bá sì kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń gba ètò ìsìnkú rẹ̀, láti orí aṣọ dúdú dé orí pósí. Fún ọjọ́ pípẹ́, irun ẹṣin ni wọ́n ń kì sínú àga. Wọn yóò ta ọ̀já kọjá ìsàlẹ̀ férémù, wọn yóò tẹ́ aṣọ tí ó nípọn lé e, wọn yóò to irun ẹṣin, wọn yóò sì fi abẹ́rẹ́ gígùn rán an mọ́lẹ̀ kí ó má baà ṣù jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní nǹkan bí ọdún 1830, sípíríǹgì onírin bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú àga. Ó sọ àga di ohun gíga, rọ̀bọ̀tọ̀, tí ènìyàn ń rì sínú rẹ̀. Bí a bá fi àga àwọn Gillow ti ọdún 1790 wé ti ọdún 1850, ti àkọ́kọ́ fi igi hàn, ti ìkẹyìn fi igi pamọ́. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni yóò pe èyí ní ìlọsíwájú.

Iṣẹ́ ńláńlá kò wọ́n wọn. Nígbà tí iná jó Ilé Aṣòfin ní London ní ọdún 1834, tí wọ́n sì kọ́ òmíràn, ilé-iṣẹ́ Gillow wà lára àwọn tí ó kan àga àti tábìlì tí Pugin yàwòrán rẹ̀ fún ilé tuntun náà. Wọ́n fi ohun èlò sí hòtẹ́ẹ̀lì ńlá tí wọ́n ṣí ní St Pancras ní ọdún 1873. Ní ọdún 1878, nínú eré olórin H.M.S. Pinafore ti Gilbert àti Sullivan, orúkọ Gillow wọ inú orin gẹ́gẹ́ bí àmì ilé olówó, gbogbo òǹwòran sì mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ọdún tí ìdílé náà ti kúrò nínú iṣẹ́ nígbà náà ti lé ní 60.

Ní àwọn ọdún ìkẹyìn ọ̀rúndún yìí kan náà, ìtì ọ̀gànwó láti Èkó, Sapele àti àwọn èbúté mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ sí dé ọjà Liverpool. ‘Mahogany ti Áfíríkà’ ni àwọn òyìnbó pè é, wọ́n sì ń fi orúkọ èbúté tí ó ti wá dá a mọ̀. Ní Èkó fúnra rẹ̀, àwọn Àgùdà tí ó ti Bràsíìlì dé ti ń fi iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà hàn. Àwọn ni ọwọ́ wọn wà lára Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Iṣẹ́ wà ní ilé, igi wà ní ilé, síbẹ̀ èyí tí ó pọ̀ nínú igi náà wọ ọkọ̀ lọ ní ìtì, láìlà. Èrè tí ó wà láàárín ìtì àti tábìlì kò bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó ni igbó.

Láti Liverpool ni ẹni tí ó gba ilé-iṣẹ́ Gillow kẹ́yìn ti wá. Owó ti ń dínkù lọ́wọ́ wọn kí ọ̀rúndún náà tó parí. Ní ọdún 1897 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bá ilé-iṣẹ́ Waring ṣe pọ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1903 orúkọ wọn ti di Waring and Gillow, ti àlejò ṣáájú, ti onílé tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣì ń kan igi ní Lancaster fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i. Ní ọdún 1962 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba ìbílẹ̀ Westminster ní London ra àwọn ìwé ìṣirò, wọ́n kó wọn sí ilé ìwé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn. Níbẹ̀ ni Susan Stuart ti rí púpọ̀ nínú ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ onípín méjì tí ó jáde ní ọdún 2008, níbẹ̀ sì ni orúkọ àwọn káfíńtà náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye ìṣó àti àtè.